Ẹ̀jẹ̀ Ṣúgà

Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kejì

Àkọ́bí mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé òtútù ibẹ̀ yẹn ń jẹ́ kí o mí? Èmi wà bí mo ṣe wà. Eékún ọ̀tún ń dùn mí, ti òsì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀bẹ mi ṣì mú dáadáa, ọwọ́ tó dì í mú ló ti ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀.

Mo ti rí ọ. Mo ní mo ti rí ọ, ìwọ ọmọ yìí! Àwa alápatà mẹ́fà la kó orí jọ sídìí fóònù kan ṣoṣo níbi ìpẹran láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ̀jẹ̀ màlúù ò tíì gbẹ lọ́wọ́ wa, a ń wo ọmọ mi tó kun ojú ní funfun bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ hú jáde nínú ilẹ̀. Wọ́n ní orúkọ eré yín ni Àwọn Aládùúgbò Tó Ti Kú. Ó yé mi dáadáa. Àwọn òkú jí, kò sẹ́ni tó ráyè bẹ̀rù wọn, ni wọ́n bá ń gbé láàárín alààyè. Wọ́n ń tò lórí ìlà, wọ́n ń wá iṣẹ́, onílé ń bá wọn jà nítorí òórùn. Ìwọ wá jẹ́ òkú tó fẹ́ alààyè, ọkọ rẹ gan-an ló sì ń ṣe ọkọ náà.

Ibi tó ti bínú, tó fi àdá gé ọ lápá, tí apá já bọ́ sílẹ̀, tí o ní, “Ẹ rọra gbé e o, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kun èékánná rẹ̀ ni,” ẹnìkan rẹ́rìn-ín títí ẹ̀dọ̀ tó gbé lọ́wọ́ fi bọ́ sínú ẹrọ̀fọ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n bi ọ́ bóyá ó dùn ọ́, o wá ní, “Mo ti kú, kí ló kù tó máa dùn mí?” Kò sẹ́ni tí kì í sọ ọ́ níbí mọ́. Tí màlúù bá ta ẹnìkan nípàá, ohun tó máa sọ nìyẹn. Èmi náà ti di Bàbá Òkú.

Ṣùgbọ́n kí n má fi bò fún ọ, kò dùn mọ́ mi nínú tán. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ọ̀rọ̀ àkúdàáyà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ẹni tó kú níbìkan, tó lọ ń gbé níbòmíràn, tó ní ilé, tó ní ọkọ, tí gbogbo ará àdúgbò ń kí láìmọ̀ pé ó ti kú. Ya àwòrán kan fi ránṣẹ́ sí mi, kí o ti bọ́jú. Mo fẹ́ rí ojú ọmọ mi gan-an.

Ìyá rẹ ṣì wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọdún kẹfà rèé tó ti kó jáde, mi ò tíì mọ ohun tí mo fi ṣe é. Bí ẹ bá jọ sọ̀rọ̀, sọ fún un pé ilẹ̀kùn ò tì.

Èmi bàbá rẹ.


Ogúnjọ́, oṣù Kejì

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín, lórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì ilé ìfọṣọ tó tutù bí orí òkú. Àkókò ìsinmi wa ni mo fi ń kọ èyí. Ẹ pẹ̀lẹ́ o, eékún. Ẹ má jókòó lórí òkúta mọ́, ẹ wá àga.

Aṣọ ọsibítù là ń fọ̀ níbí. Ẹ̀yin ń kó ẹ̀jẹ̀ sí aṣọ níbẹ̀, èmi ń fọ̀ ọ́ kúrò níbí. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń da omi gbígbóná lé e, ẹ̀jẹ̀ á wá mú aṣọ pinpin. Èmi sọ fún wọn pé omi tútù ni. Wọ́n bi mí ibi tí mo ti kọ́ ọ, mo ní ọmọ alápatà ni mí.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ inú eré dẹ́rù bà yín. Ṣúgà ni. A máa ń sè é títí á fi ki bí oyin, a ó wá po àwọ̀ pupa mọ́ ọn àti lẹ́búlẹ́bú kòkó díẹ̀ kó má baà pọ́n jù. Èmi máa ń lá a tí ebi bá ń pa mí. Àdá yẹn, rọ́bà ni, a kùn ún ní àwọ̀ fàdákà. Apá tó ń já bọ́, fóòmù ni, inú bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ kan la ti gé e. Àwa mẹ́ta péré là ń ṣe é: ọkọ mi ló ń kọ ọ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń mú kámẹ́rà, èmi ni mo ń kú. Èdè wa la fi ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n a máa ń kọ ti àwọn onílùú sí ìsàlẹ̀, wọ́n sì ń wò ó ju àwa lọ. Ẹni tó ń wa bọ́ọ̀sì wa mọ̀ mí. Ìyàwó Òkú ló ń pè mí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe fóònù mi mọ́. Ọwọ́ ọkọ mi ló máa ń wà, òun ló ń dá àwọn òǹwòran lóhùn. Àdírẹ́sì ilé ìfọṣọ tó wà lẹ́yìn àpòòwé ni kí ẹ máa fi kọ̀wé. Ọ̀gá mi obìnrin á bá mi fi í pamọ́.

Àwòrán tí ẹ béèrè, màá yà á nígbà tí ojú mi bá mọ́. Ọ̀rọ̀ ìyá mi, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ ná.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Kẹta

Àkọ́bí mi,

Mo kí ọ. Kíkí mi ò ní pọ̀ lónìí.

Mo wo apá keje eré yín. Èyí tí ọkọ rẹ fi páànù lù ọ́ lójú, nítorí pé o ti jẹ ọpọlọ àlejò rẹ̀ kí oúnjẹ tó délẹ̀. Gbogbo ibi ìpẹran pariwo ẹ̀rín. Èmi náà ti la ẹnu. Ẹ̀rín ò jáde.

Ogójì ọdún ni mo ti ń pa ẹran. Jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀ fún ọ. Bí nǹkan bá la awọ tó lẹ̀ mọ́ egungun, bí ti òkè ojú, ẹ̀jẹ̀ kì í kọ́kọ́ dé. Ó máa ń là, inú rẹ̀ á funfun, wàá lè mí lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀jẹ̀ á wá dé. Ẹ̀jẹ̀ ṣúgà yín ò ní sùúrù bẹ́ẹ̀. Láti apá kìíní ni mo ti ń rí i, ó ti máa ń wà lójú rẹ kí àdá tó balẹ̀. Ti apá keje dúró. Ó là, ó funfun, ẹ̀jẹ̀ dé. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni mo dá a padà wò.

Nígbà tí wọ́n fi máa fi ọ́ hàn níbi tí o ti ń gbálẹ̀, èyí tó wà lọ́rùn aṣọ rẹ ti dì. Etí rẹ̀ ti dúdú, àárín rẹ̀ ń dán bí ẹ̀dọ̀. Ṣúgà a máa gbẹ, a máa lẹ̀, a máa fà. Kì í dì. Ẹ̀jẹ̀ ló ń dì.

Èyí tó burú jù rèé. O ti dijú kí ọwọ́ rẹ̀ tó gbéra. Òkú inú eré ò mọ̀ pé páànù ń bọ̀. Ẹran tí wọ́n ti ń lù tẹ́lẹ̀ ló máa ń dijú bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá já a sílẹ̀ nínú ọkọ̀, mi ò ní láti wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí n tó mọ̀.

Ṣé ó ń lù ọ́? Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni mo fẹ́. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, màá bó o bí mo ṣe ń bó ewúrẹ́. Láti ọrùn ẹsẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀, màá fẹ́ atẹ́gùn sábẹ́ awọ rẹ̀ kó lè ya dáadáa, màá sì fi orí rẹ̀ ṣe ìkẹyìn kó lè máa wò mí.

Èmi bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹrin

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gba lẹ́tà yín. Mo kà á níwájú ẹ̀rọ ìfọṣọ, mo sì tì í bọ inú rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ bẹ́ẹ̀dì, kí n má baà tún un kà.

Ojú ẹran lẹ fi wò mí. Ṣé ẹ mọ̀? Èèyàn ogún ẹgbẹ̀rún wo apá keje, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n lọ sùn. Bàbá mi nìkan ló dá a padà lẹ́ẹ̀mọ́kànlá bí ẹni tó fẹ́ ra màlúù.

Páànù bébà ló yẹ kó mú. Ó ṣèèṣì mú ti ìdáná. Nígbà tó rí ẹ̀jẹ̀, ó sunkún. Ó gbé mi lọ ọsibítù, ó di ọwọ́ mi mú títí wọ́n fi rán an tán. Nígbà tí a padà dé, ó wo ohun tí kámẹ́rà gbà, ó ní irú ojú tí òun ti ń wá láti ọjọ́ yìí nìyẹn, pé kí n má gbàgbé bí mo ṣe ṣe é. Eré ni, bàbá mi. Eré ló ń bọ́ wa.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ohunkóhun nípa ẹ̀jẹ̀ sí mi mọ́. Ẹ kọ nípa eékún yín.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kẹrin

Àkọ́bí mi,

Mo kí ọ. Eékún mi dára. O ní kí n kọ nípa rẹ̀, mo ti kọ ọ́.

Ẹsẹ̀ òsì ni Ìyàwó Òkú ti ń wọ́ láti ọjọ́ tí eré yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní apá kẹsàn-án, ọ̀tún lo ń wọ́. Òkú ò lè ṣàdédé yí ẹsẹ̀ padà. Ní apá kẹwàá, o rẹ́rìn-ín, o sì fi ìgbọ̀nwọ́ fún ẹ̀gbẹ́ rẹ mọ́ra. Egungun ìhà ni, kì í ṣe ẹ̀rín. O ò dáhùn ìbéèrè mi. O kàn sọ fún mi pé ó sunkún. Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ẹkún rẹ̀ ò kàn mí, ọwọ́ rẹ̀ ló kàn mí.

Mo pè é lánàá.

Mo mọ̀ pé o ní kí n má pè. Inú ló bí mi, kò jẹ́ kí n jókòó. Mo sọ ohun tí màá fi ọ̀bẹ ṣe fún un, láti ọrùn ẹsẹ̀ títí dé orí. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ dá mi lóhùn, ó ní, “Ẹ kú ìtọ́jú o, bàbá. Ọmọ yín ti ń kọ̀wé sí yín nìyẹn. Ta ló ń bá a gba èsì? Àbí ilé ìfọṣọ ni ẹ fi ń ránṣẹ́ sí?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ilé ìfọṣọ ni, kí ló fẹ́ fi ṣe? Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì pa fóònù.

Ẹ̀yìn ìgbà tó pa á ni ohun tí mo sọ tó yé mi. Ọmọ mi, mo rò pé mo ti ṣe ohun tí kò dáa. Má padà sílé yẹn. Bí lẹ́tà yìí bá bá ọ, ibi tí o bá dúró sí, ibẹ̀ ni kí o ti gbéra. Yàrá rẹ ṣì wà bí o ṣe fi í sílẹ̀.

Èmi bàbá rẹ.


Ọgbọ̀njọ́, oṣù Karùn-ún

Ọmọ mi,

Ọjọ́ méjìdínlógójì. Kò sí lẹ́tà, kò sí eré tuntun. Àwọn òǹwòran ń kọ ọ́ sábẹ́ apá kẹwàá pé, “Ìyàwó Òkú ti kú ni?” Wọ́n wá fi ojú tó ń rẹ́rìn-ín tẹ̀ lé e. Mo pe fóònù náà, kò lọ.

Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹnu tèmi, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tìrẹ. Mi ò lè sùn.

Lọ́jọ́ Ẹtì, màlúù kan dìde lábẹ́ ọwọ́ mi. Irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Ìdajì ọ̀fun rẹ̀ ti là, ó já okùn, ó jáde sí títì, ẹ̀jẹ̀ ń tú sára ògiri àti sára àwọn tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Ó gbé ìwo gún ilẹ̀kùn ọkọ̀ kan wọlé kó tó ṣubú. Èmi ni mo bá a níbẹ̀, mo parí iṣẹ́ mi lórí títì, ó ń wò mí. Ojú ẹ̀rù kọ́ ló fi ń wò mí. Ó dà bí ẹni tó ń bi mí pé kí ló dé tí o ò ṣe é dáadáa lẹ́ẹ̀kan.

Kọ ọ̀rọ̀ kan péré. Kọ ọ́ pé o wà.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹfà

Ọmọ mi,

Wọ́n fi fídíò kan hàn mí lónìí. Kì í ṣe ti eré yín. Ará títì kan ló yà á. Wọ́n kọ ọ́ sórí rẹ̀ pé, “Ìyàwó Òkú jáde sígboro!” Ìwọ ni. O kun ojú funfun, aṣọ rẹ kún fún pupa, o di apá ọ̀tún mú, o ń rìn láàárín ọ̀pọ̀ èèyàn, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Mo gba fóònù lọ́wọ́ wọn.

Èyí tó wà láyà rẹ, ṣúgà ni. Èyí tó ń gba àárín ìka rẹ ṣàn bọ́, kì í ṣe ṣúgà. Kò ta bí ìgbà tí wọ́n bá gé iṣan ńlá, ó ń ṣàn ni, mo dúpẹ́ fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n mo mọ bó ṣe máa ń pẹ́ tó kí ẹran tó ń ṣàn bẹ́ẹ̀ tó kúnlẹ̀, fídíò yẹn sì parí kí n tó rí ibi tí o ń lọ.

Jọ̀ọ́. Èmi alápatà ni mo ń bẹ̀bẹ̀.


Ọjọ́ kejì, oṣù Keje

Bàbá mi,

Mo wà láàyè. Ẹ fojú fo ìkọ̀wé mi, ọwọ́ òsì ni. Ilé ọ̀gá mi obìnrin ni mo wà báyìí, yàrá kékeré kan lẹ́yìn ilé ìdáná rẹ̀, ó ní kọ́kọ́rọ́ nínú. Gbogbo lẹ́tà yín ló kó fún mi lẹ́ẹ̀kan náà.

Lọ́jọ́ tí ẹ pe ọkọ mi, ó dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Kò pariwo. Ó gba bàtà mi, ó gba kọ́kọ́rọ́, ó sì lù mí ní ibi tí aṣọ máa bò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mi ò fi jáde. Ó lọ bá ọ̀gá mi pé kí ó kó lẹ́tà mi fún òun. Ọ̀gá mi ní lẹ́tà kankan ò sí níbẹ̀, ó sì tilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú.

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹfà, ó ní ká ṣe apá kọkànlá. Nínú rẹ̀, ọkọ máa gé apá ìyàwó, ìyàwó á sì gbé apá náà, á fi lu ọkọ. Inú mi tiẹ̀ dùn pé wọ́n jẹ́ kí n lu èèyàn. Mo kun ojú. Wọ́n da ṣúgà sí mi láyà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé kámẹ́rà, ó ní, “Ó yá!” Ìgbà yẹn ni mo rí àdá rọ́bà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mò ń wò ó níbẹ̀. Ohun tó wà lọ́wọ́ ọkọ mi kì í ṣe òun.

Ó tẹ̀ síwájú, ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kí kámẹ́rà má baà gbọ́. Ó ní, “Kọ èyí sí bàbá rẹ.” Ó sì ṣá mi.

Orí mi ló dojú kọ. Mo gbé apá sókè. Ó wọlé lókè ọrùn ọwọ́, ó dé egungun. Ẹ mọ ìró yẹn, bàbá mi, ìgbà tí ẹ bá ń la ìbàdí màlúù. Inú ara mi ni mo ti gbọ́ ọ. Ó fa àdá yọ, ó tún gbé e, mo yẹ̀, ó wọ inú tábìlì, ó sì há. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn kámẹ́rà, ó ń pariwo, “Ó dáa! Ó dáa! Ẹ má dúró!” Nígbà tí ọkọ mi fi ẹsẹ̀ ti tábìlì láti fa àdá yọ, mo ti wà ní títì.

Títì mẹ́ta ni mo rìn. Mo ní ẹ gbà mí. Wọ́n rí ojú funfun, wọ́n rí pupa, inú wọn dùn. Obìnrin kan fi ọwọ́ kọ́ mi lọ́rùn kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè yà wá. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì wa fọn fèrè, ó ní, “Ìyàwó Òkú, ṣé kí n gbé ọ dé itẹ́ òkú?” Mo ní ó ń dùn mí, ẹ jọ̀ọ́, ó ń dùn mí. Gbogbo wọn gbé e lẹ́ẹ̀kan náà bí orin: “Mo ti kú, kí ló kù tó máa dùn mí?”

Bí mo ṣe wọ àgọ́ ọlọ́pàá, ọ̀gá tó wà ní kàńtà bú sẹ́rìn-ín. Ó pe àwọn yòókù jáde. Ó ń wá ibi tí a fi kámẹ́rà pamọ́ sí. Mo ti fẹ́ jókòó sílẹ̀ kí n sì parí síbẹ̀. Ohùn yín ni mo gbọ́. Ẹ̀jẹ̀ ló ń dì.

Mo ní kí wọ́n fún mi ní kọ́ọ̀pù funfun méjì. Wọ́n fún mi, wọ́n rò pé eré ti bẹ̀rẹ̀. Mo fún ayà aṣọ mi sínú ọ̀kan. Mo jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ apá mi kán sínú ìkejì, mo sì fi bẹ́líìtì aṣọ mi di apá náà. Mo ní, “Ẹ má gbà mí gbọ́. Ẹ jókòó, ẹ mu tíì yín. Tí ẹ bá mu ún tán, ẹ dojú kọ́ọ̀pù méjèèjì dé.” Wọ́n jókòó. Wọ́n ń mu tíì, wọ́n ń wò mí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Èmi ń ka ìmí.

Ọ̀gá wọn dojú èkínní dé, ṣúgà ṣàn sórí ìwé rẹ̀. Ó dojú ìkejì dé. Ohun kan ò ṣàn. Ó mi kọ́ọ̀pù náà. Ó lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, ó ń gbọ̀n jẹ̀lẹ́jẹ̀lẹ́. Àga rẹ̀ ṣubú nígbà tó dìde.

Wọ́n mú ọkọ mi nínú ilé, níbi tó ti ń nu tábìlì. Ó ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Dókítà ní ìka méjì ò ní ká mọ́.

Bàbá mi, ẹ̀yin lẹ gbà mí, ẹ̀yin náà lẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Méjèèjì ni mo kọ, mi ò ní yọ ọ̀kan kúrò. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí mo ti gbé dání láti ọmọ ọdún mẹ́jọ. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná lọ́jọ́ tí ẹ lu ìyá mi. Orí wọn gba etí tábìlì, wọ́n ṣubú. Ẹ ò gbé wọn. Omi lẹ sáré lọ bù. Garawa kan odindi, ẹ dà á sílẹ̀, ẹ fi ìgbálẹ̀ gbá a jáde, ẹ wá ní ká wá jẹun. Kí ló dé tó jẹ́ omi lẹ kọ́kọ́ wá? Níbẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ pé tí wọ́n bá lu èèyàn tán, wọ́n á nu ilẹ̀, wọ́n á jẹun. Ẹ wá ń kọ ọ́ sí mi pé ẹ ò mọ ohun tí ẹ fi ṣe wọ́n.

Tí ẹ ò bá ní dáhùn èyí, ẹ má kọ̀wé sí mi mọ́.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù Keje

Ọmọ mi,

Mo dúpẹ́ pé o wà. Mi ò lè kọ bí mo ṣe dúpẹ́ tó, jẹ́ kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo gbé lẹ́tà rẹ lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn, ó wo ọwọ́ mi kó tó wo ojú mi. Ó ní bí mo bá mú ọ̀bẹ kankan wá, kí n fi í sílẹ̀ níta. Èyí tí mo fi ń jẹun wà lápò mi, mo yọ ọ́, mo gbé e sórí àtẹ̀gùn. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo lọ jókòó síwájú ilé wọn. Lọ́jọ́ kẹta ni ìyá rẹ jáde, ó ní kí n ka lẹ́tà náà fún òun.

Mo kà á. Nígbà tí mo dé ibi garawa, mo fò ó. Ó ní, “O fo ibì kan.” Mo béèrè bó ṣe mọ̀. Ó ní, “Ohùn rẹ sáré. Bó ṣe sáré lọ́jọ́ yẹn náà nìyẹn.” Mo padà kà á. Ó tú gèlè, ó fa ìka mi, ó fi kan àpá tó wà nínú irun rẹ̀. Ó gùn tó ìka mẹ́ta. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo ti jọ sùn pẹ̀lú orí yẹn, kí ó tó kó jáde. Mi ò fọwọ́ kàn án níbẹ̀ rí.

O béèrè ìdí tó fi jẹ́ omi ni mo kọ́kọ́ wá. Èmi nìkan ló mọ ìdáhùn yìí láyé, mo sì ti rò pé màá gbé e wọlẹ̀. Alápatà ni mí. Mo mọ iye ìṣẹ́jú tí ẹ̀jẹ̀ ní kó tó dì. Bó bá ti dì, kò sí bí mo ṣe máa pè é ní omi ọbẹ̀ tó dànù. Ọmọ mi tó dúró lẹ́nu ọ̀nà á mọ̀. Ìyẹn ni mo ń sáré fún, tí ìyá rẹ wà nílẹ̀. Mo lù ú. Kì í ṣe ọjọ́ yẹn nìkan. Mo mọ ohun tí mo fi ṣe é. Mo mọ̀ ọ́n lójoojúmọ́ fún ọdún mẹ́fà tí mo fi ń kọ ọ́ pé mi ò mọ̀.

Mo wo ẹni yẹn nínú fóònù, mo tètè dá a mọ̀. O rò pé ojú ẹran ni mo fi wò ọ́. Ọwọ́ ara mi ni mo rí.

Ìyá rẹ ní kí n kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ti mọ̀ láti apá kìíní, nítorí bí o ṣe máa ń fẹ̀yìn ti ògiri bí ọkọ rẹ bá ti wọlé. Ó ní òun ò mọ̀wé kọ, èmi ló sì máa ń bá òun kọ lẹ́tà tẹ́lẹ̀, ta ni òun ì bá sọ fún? Ó ní òun ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ nígbà tí ìwé ìrìnnà bá jáde. Ó ní òun ò padà sọ́dọ̀ mi o, kí n kọ ìyẹn náà, kí n kọ ọ́ gàdàgbà. Mo ti kọ ọ́.

Òun ló jókòó tì mí láti òkè títí dé ibí yìí. Gbogbo ibi tí mo ti fẹ́ bomi là á nínú lẹ́tà yìí, ó gba bírò lọ́wọ́ mi. Ó ní kí n fi í sílẹ̀ kó dì.

Èmi bàbá rẹ.